Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé àti Ẹ̀kọ́ Tí Kò Gbọdọ̀ Parí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn. Nígbà tí a bá dárúkọ ilé ìkàwé, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní láíbìrì, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn wa ni ilé náà, àti pákó tí a to ìwé sí, àti iye ìwé tí ó wà lórí rẹ̀. Agbára káká ni a fi ń béèrè ẹni tí ó jókòó ti àwọn ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni yìí gan-an ni ó lè sọ ọgọ́rùn-ún ìwé di ìṣúra ìlú, òun kan náà ni ó sì lè sọ ẹgbẹ̀rún ìwé di oúnjẹ ikán. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, bí a ti ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, àti ìdí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ parí.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ibi tí a ní láti máa sọ iyì ìwé fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ti ọdún 1892 ni ọ̀nà là fún àwọn oníwàásù àti àwọn olùkọ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn baba wa fi di ẹ̀kọ́ mú ṣinṣin. Ní ọdún 1913 ni Ijebu-Ode Grammar School bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2005 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ìjagun, tí a fi orúkọ Tai Solarin pè, di yunifásítì. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ dà bí baba tí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní oko ríro. Bí ọmọ náà kò bá rí ilẹ̀ fi dá oko nígbà tí ó bá dàgbà, ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò dípẹtà. Ilé ìkàwé ni ilẹ̀ náà fún ẹni tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ tí kò sì ní owó láti máa ra ìwé.

Kí ni iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká sọ pé ìyá kan tí ń ṣe gàrí wọ ilé ìkàwé wá. Ewé ẹ̀gẹ́ inú oko rẹ̀ ń ká kò, ó sì ń ní àbàwọ́n. Kò mọ ohun tí yóò ṣe. Bí ẹni tí ó bá níbẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí a kàn fi ṣọ́ ìwé, yóò na ìka sí ìdí pákó, yóò ní, “Màmá, ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn.” Màmá kò sì gbọ́ èdè Òyìnbó. Ó yípadà, ó lọ, kò sì ní padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá bá ẹni tí ó kọ́ṣẹ́, ẹni náà yóò fún un ní àga, yóò ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ewé nìkan ni, àbí iṣu rẹ̀ náà ti ń bàjẹ́?” Ó mọ̀ pé nínú ètò tí Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1876, tí ó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, abẹ́ 630 ni ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé láti ọdún 1967 ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá kan, IITA, ti wà ní Ìbàdàn, àti pé ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ó wá ìwé náà jáde, ó sì ń sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ìyá náà ní èdè rẹ̀: pé kòkòrò funfun tín-ín-tín kan ni ó ń gbé àrùn yìí kiri, pé igi ẹ̀gẹ́ tí a bá gé lára èyí tí ó ń ṣàìsàn yóò gbé àrùn náà lọ sí oko tuntun, àti pé igi tí ara rẹ̀ dá ni kí ó máa yàn fún gbígbìn. Ìwé kan náà ni ó wà nílé ní ìgbà méjèèjì. Olùtọ́jú ni ó yàtọ̀.

Iṣẹ́ yìí kò sì dúró sí ẹ̀yìn tábìlì. Olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa pe àwọn ọmọdé jọ láti ka ìtàn fún wọn; a máa ṣètò ẹ̀kọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà fún àwọn àgbà; a máa gbé ìwé lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní. A rí àpẹẹrẹ èyí lára Felicia Adetowun Ogunsheye, ẹni tí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ní Nàìjíríà ní ọdún 1973. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni ó fi gba oyè náà. Kò jókòó ti oyè rẹ̀. Ó lọ sí Abadina, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ kékeré nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dá ilé ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ibẹ̀.

Irú ènìyàn báyìí kì í hù bí olú. A ní láti kọ́ wọn ni. Nígbà kan rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkè òkun nìkan ni ọmọ Nàìjíríà ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1944, pẹ̀lú owó Carnegie ti Amẹ́ríkà, a ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Achimota ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà nísinsìnyí, lábẹ́ obìnrin kan tí a ń pè ní Ethel Fegan. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó lọ. Kò pẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi kógbá sílé, ó sì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó rí òmíràn. Ní ọdún 1953 ni UNESCO pe ìpàdé ńlá sí Ìbàdàn lórí ilé ìkàwé ìlú ní Áfíríkà. Ní ọdún 1954 ni ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1960 ni ilé ẹ̀kọ́ ti Ìbàdàn ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí owó Carnegie tún ràn lọ́wọ́. Ní ọdún 1962 ni ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà dá dúró fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nípa òfin kejìlá ti ọdún 1995, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa sọ ẹni tí ó yẹ kí a pè ní olùtọ́jú ilé ìkàwé, àti láti máa kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí ó bá ti gba ìwé ẹ̀rí, ó tán.” Kò tán, ẹ̀yin ará. Ẹ wo àwọn aránṣọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí Ojúde Ọba bá ń bọ̀, tí ẹgbẹ́ régbérégbé kọ̀ọ̀kan ti yan aṣọ tirẹ̀, ta ni yóò gbé aṣọ lọ bá aránṣọ tí kò mọ̀ ju ọ̀nà tí ọ̀gá rẹ̀ fi hàn án ní ogún ọdún sẹ́yìn? Ó ti gba òmìnira lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò níbi tí ó ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olùtọ́jú tí ó kọ́ bí a ti ń fi páálí kéékèèké kọ orúkọ ìwé, tí kò sì kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà wá a.

A mọ ilé ìkàwé kan tí a kì yóò dárúkọ. Àwọn olóore fún un ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Nígbà tí a wọlé, aṣọ ni a fi bò wọ́n, eruku sì ti hù lórí aṣọ náà. Olùtọ́jú ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó sọ fún wa pẹ̀lú ìtìjú pé kò sí ẹni tí ó fi hàn òun bí a ti ń lò wọ́n, àti pé nígbà tí òun tọrọ àyè láti lọ sí ìpàdé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ní kí òun fi owó ara òun lọ, kí a sì yọ ọjọ́ náà kúrò nínú ìsinmi òun. A ra ẹṣin, a kò ra ìjánu.

Àwọn mìíràn wí pé gbogbo ìwé ti wà nínú fóònù, àti pé a kò nílò olùtọ́jú mọ́. Àwa gbà pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú fóònù. Ṣùgbọ́n òtítọ́ àti irọ́ ni ó jọ ń gbé ibẹ̀, wọn kò sì wọ aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá onígàrí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè rí oògùn ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá nínú fóònù ọmọ rẹ̀, kí mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ ti oníjìbìtì. Ẹni tí yóò bá a yẹ̀ ẹ́ wò ni ó ń wá.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí àwọn tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ má ṣe fi ilé ìkàwé ṣe ibi tí a ń kó àwọn tí a kò rí iṣẹ́ mìíràn fún sí. Èkejì, kí àwọn olùtọ́jú tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ṣàgámù, àti àwọn olùkọ́ tí ń mójútó ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti kọ́ ara wọn. Kí ẹni tí a bá rán lọ sí ìpàdé ńlá sì padà wá sọ ohun tí ó gbọ́ fún àwọn tí kò lè lọ. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé, tí ọwọ́ wọn kì í wọ́n nídìí ohun tí ó bá buyì kún ìlú, ka owó ẹ̀kọ́ olùtọ́jú mọ́ ohun tí ń buyì kún ìlú. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan ni.

Nígbà tí ẹ bá tún wọ ilé ìkàwé kan ní ìlú wa, ẹ kí ẹni tí ẹ bá níbẹ̀, kí ẹ sì bi í pé, “Ìgbà wo ni wọ́n rán yín lọ kọ́ ẹ̀kọ́ gbẹ̀yìn?” Bí ìdáhùn rẹ̀ bá bà yín nínú jẹ́, ẹ má ṣe bínú sí i. Ẹ tọ àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ lọ.