Láti Orí Ẹ̀fẹ̀ dé Orí Ìdúnkookò: Àríyànjiyàn Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2018, ikọ̀ Super Eagles ti Nàìjíríà kojú ikọ̀ Ajẹntínà ní ìlú St Petersburg, ní orílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ọ̀mì ì bá ti tó Nàìjíríà láti tẹ̀ síwájú. Lionel Messi ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, Victor Moses sì fi pẹnáritì dá a padà. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ Marcos Rojo níwájú ilé Ajẹntínà. Rẹfirí lọ wo àwòrán rẹ̀, ó sì ní kò sí pẹnáritì. Odion Ighalo rí ààyè gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìdajì kejì eré, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ní ìṣẹ́jú 86, Rojo kan náà ló gbá gólì tí ó dá Nàìjíríà padà sílé, 2-1.

Ìjiyàn tí ó tẹ̀lé e pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń bi ara wọn bóyá ọwọ́ tí bọ́ọ̀lù kàn yẹn tó pẹnáritì. Àwọn mìíràn kọjú sí Ighalo. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò lórí bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, tí ó di èébú, tí ó di èpè, tí ó sì di ìdúnkookò pé a óò pa òun àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ighalo fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà, ó sì sọ pé òun ti ronú láti fi ikọ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ní àdúgbò tí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tú palẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti orí ẹ̀fẹ̀ dé orí ìdúnkookò, àti ohun tí àṣà àti èdè Yorùbá lè fi yé ni nípa ìrìn náà.

Ajégúnlẹ̀, Àpápá àti bọ́ọ̀lù

Ajégúnlẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn. Ó múlé ti Àpápá, níbi tí èbúté ọkọ̀ òkun wà. Orúkọ ìlú náà fi ìrètí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó hàn: ajé ti gúnlẹ̀. Iṣẹ́ èbúté àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá fa Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti ẹ̀yà mìíràn wá síbẹ̀. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù di èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Pápá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ pápá ìṣeré ńlá Rio de Janeiro pè, Maracana.

Àdúgbò náà kò fi ẹnu lásán jẹ́ ìlú bọ́ọ̀lù. Jonathan Akpoborie wà nínú ikọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 tí ó gba ife àgbáyé ní Ṣáínà ní ọdún 1985. Òun ló gbá gólì àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá pẹ̀lú Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Samson Siasia gbá gólì sáwọ̀n Ajẹntínà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà, nínú eré tí Nàìjíríà pàdánù 2-1. Lẹ́yìn ọdún 24 gééré, 2-1 kan náà, Ajẹntínà kan náà, ọmọ Ajégúnlẹ̀ mìíràn ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìdí nìyí tí ìjiyàn lórí Ighalo kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò ní àdúgbò náà. Ọmọ ilé ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Ibùdó mẹ́ta

Ibi mẹ́ta ni àríyànjiyàn yìí ti máa ń wáyé. Èkíní ni ìsọ̀ olùta ìwé ìròyìn. Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin máa ń rọ̀gbà yí ìsọ̀ náà ká, wọn a ka àkọlé ojú ìwé láìrà á, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ ìjiyàn. Olóhùn òkè lè gbé ọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń dúró dè é, èbúté kò sì mọ àwáwí. Aago ló ń tú ìjókòó náà ká.

Èkejì ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, tí ènìyàn máa ń san owó péréte wọ̀ láti wo ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Wọn a fi ẹfun kọ orúkọ àwọn ikọ̀ tí yóò pàdé sára pátákó níta. Nínú ilé náà, ẹni tí ó ń ti Chelsea lẹ́yìn lè jókòó ti ẹni tí ó ń ti Arsenal lẹ́yìn, kí wọ́n sì máa ta ọ̀rọ̀ lu ara wọn títí eré yóò fi parí. Èdè pijin ni wọ́n sábà máa ń sọ nítorí pé ẹ̀yà wọn pọ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan kì í kúrò níbẹ̀: “ẹ̀gbọ́n”. Ẹni tí ó fẹ́ tako àgbà yóò kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀gbọ́n kí ó tó sọ fún un pé kò mọ bọ́ọ̀lù wò.

Ẹ̀kẹta ni orí ayélujára. Níbẹ̀, aago kan kì í tú ìjókòó ká. Ẹni tí kò sùn ní òru lè máa bá ìjiyàn àná lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ orí ẹnìkejì rẹ̀, nítorí náà “ẹ” ọ̀wọ̀ rọ̀ dànù, “ìwọ” sì gba gbogbo ìjókòó. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé, ní ìsọ̀ ìwé ìròyìn, Ighalo kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lórí ayélujára, ọ̀rọ̀ náà ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ti di ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ sí i.

Yorùbá ní “ojú lọ̀rọ̀ wà”. Òwe yìí kò sọ pé ẹni tí ó bá rí ojú ẹnìkejì kò ní ṣìwà hù. Ohun tí ó ń sọ ni pé ojú ni a fi ń mọ ìgbà tí àwàdà ti dùn ún, tí ó sì yẹ kí a dákẹ́.

Ọ̀ta àti òpè

Kí bọ́ọ̀lù tó dé, Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń fi ẹni tí ó pàdánù ṣe ẹlẹ́yà. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ẹni tí ó borí ni ọ̀ta, ẹni tí ó pàdánù ni òpè. Àwọn òǹwòran lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo, láti fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, láti fọ́nnu fún ọ̀ta. Ọ̀rọ̀ “ọ̀mì”, tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń lò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò borí nínú bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ìdí ayò ni. Ṣùgbọ́n orúkọ òpè kì í lé ènìyàn dé ilé. Bí wọ́n bá tún ọmọ ayò kó sójú ọpọ́n, òpè àná lè di ọ̀ta òní.

Ọ̀nà mìíràn ni Ẹ̀fẹ̀, tí àwọn Kétu àti Yewa máa ń ṣe ní òru ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2001. Ẹlẹ́fẹ̀ lè fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́, ì báà jẹ́ olówó tàbí olóyè. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ júbà. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, tẹrú tọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ orin èébú kiri ìgboro. Ọjọ́ kan péré ni àǹfààní náà wà fún. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá ṣú, ẹni tí ó bá tún kọ ọ́ ti rúfin.

Bí a bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yẹ̀ wò, a óò rí i pé kì í ṣe pẹ̀lẹ́tù ni wọ́n fi ń bá ènìyàn wí. Èébú wọn le. Ohun tí ó dè wọ́n lókùn ni ààlà: ọpọ́n ni ààlà ayò, ìjúbà ni ààlà Ẹ̀fẹ̀, ọjọ́ kan ni ààlà Òkèbàdàn. Ayélujára kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Ìpele márùn-ún

Èdè Yorùbá pín irú ọ̀rọ̀ báyìí sí ìpele tí kò ṣòro láti dá mọ̀. Àpárá ni ìpele kìíní: ọ̀rọ̀ orí eré ni, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ní bàtà agbábọ́ọ̀lù kan ni ó gbàgbé sílé. Yẹ̀yẹ́ ni ìkejì: ó ń kan ikọ̀ àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Èébú ni ìkẹta: ó fi eré sílẹ̀, ó mú ara, òbí tàbí ẹ̀yà ènìyàn. Èpè ni ìkẹrin: ó ń ké pe agbára mìíràn kí ó ṣe ènìyàn ní ibi. Ìdúnkookò ni ìkarùn-ún: ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ó ṣèlérí pé òun fúnra òun yóò ṣe ibi náà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìpele kejì àti ìkẹta ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́ jù. Ẹni tí ó ní “òpè ni Ighalo lónìí” ti so ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọjọ́ kan àti eré kan. Ẹni tí ó ní “kò wúlò, ìran rẹ̀ kò sì wúlò” ti yọ “lónìí” kúrò, ó sì ti fi ènìyàn rọ́pò eré. Láti ibẹ̀, ọ̀nà dé èpè kò jìn mọ́. Ọ̀rọ̀ àsìkò kékeré yẹn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ọpọ́n ń ṣe nídìí ayò.

Ewu ìpele karùn-ún kì í ṣe àròsọ. Andrés Escobar ti ilẹ̀ Kòlóńbíà gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ara wọn nínú eré pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 1994; ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín. Ní ọdún 2010, lẹ́yìn tí wọ́n lé Sani Kaita jáde nínú eré Nàìjíríà pẹ̀lú Gíríìsì, àwọn kan fi ikú dúnkookò mọ́ ọn. Nítorí náà, nígbà tí Ighalo ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018, kò sí bí ó ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ ariwo lásán nínú wọn. Òfin náà kò kà á sí eré: abala 24 Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì dúnkookò mọ́ ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ pé ìfojúkojú nìkan ni oògùn. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2009, lẹ́yìn tí Barcelona na Manchester United nínú àṣekágbá ìdíje Yúróòpù, ìròyìn kárí ayé pé awakọ̀ kan tí ó ń ti Manchester United lẹ́yìn wa ọkọ̀ rẹ̀ kọlu àwọn alátìlẹ́yìn Barcelona ní Ogbo, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Wọ́n rí ojú ara wọn. Ohun tí ó ṣàìsí ni ẹni tí yóò sọ pé eré ti parí.

Ẹ̀rí àti ìdájọ́

Kì í ṣe gbogbo àríyànjiyàn ni ó jẹ mọ́ gólì. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, àjọ FIFA fòfin de Samson Siasia títí láé pé ó gbà láti gba rìbá lórí eré tí wọ́n fẹ́ dárú. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, èyí kì í ṣe ìròyìn tí ènìyàn lè gbọ́ kí ó dákẹ́. Àwọn kan dá a láre nítorí pé ọmọ àdúgbò ni. Àwọn kan dá a lẹ́bi nítorí pé FIFA ti sọ̀rọ̀. Yorùbá ní “agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà”. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Eré Ìdárayá ní Switzerland, ilé-ẹjọ́ náà kò dá a sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ó sọ ìjìyà náà di ọdún márùn-ún, pé títí láé ti pọ̀ jù fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ìhà méjèèjì tí ó ti pariwo rí i pé òtítọ́ kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn lódindi. Ó gba nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó hàn. Ìjiyàn orí ayélujára kì í fún ẹ̀rí ní ọjọ́ méjì.

Àgbálọgbábọ̀

Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Ighalo jẹ́rìí sí ọgbọ́n ìdí ayò. Ó padà sínú ikọ̀. Ó gbá gólì mẹ́ta wọlé Líbíà ní Uyo ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2018. Gólì méje rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìdíje ìpegedé náà. Ní Íjíbítì, ní ọdún 2019, gólì márùn-ún rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, òun ló sì gbá èyí tí Nàìjíríà fi borí Túnísíà fún ipò kẹta. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2020, ó dé Manchester United, ikọ̀ tí ó ti ń fẹ́ láti ìgbà èwe. Òpè St Petersburg ti di ọ̀ta. Bí èpè àwọn kan bá ṣẹ ni, ta ni ì bá gbá àwọn gólì wọ̀nyẹn?

Ohun tí a rí fà yọ kì í ṣe pé kí àríyànjiyàn dópin. Bọ́ọ̀lù tí kò ní ìjiyàn dà bí ayò tí kò ní òǹwòran. Ohun tí àṣà Yorùbá béèrè ni kí ìjiyàn ní ààlà: kí òpè jẹ́ òpè ọjọ́ kan, kí a gbọ́ tẹnu ìhà kejì kí a tó dájọ́, kí ẹnìkan sì wà tí yóò kéde pé eré ti parí. Àwọn baba sì ti sọ ọ́ ṣókí: bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́.