Owó ń bẹ lórí ààtàn: Bí wọ́n ṣe ń fi gáàsì inú pàǹtírí ṣiṣẹ́ ajé

Bí a bá gbálẹ̀ gbálẹ̀, orí ààtàn náà la ó kó o dà sí. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí parí sí. Ṣùgbọ́n níbòmíràn, ohun tó ń jáde lára ààtàn ni àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rọ irin.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí àjẹkù oúnjẹ, ewé àti bébà bá bò mọ́lẹ̀ tí atẹ́gùn kò dé ibẹ̀ mọ́, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí yóò máa jẹ wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń jẹrà ni gáàsì ń jáde. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ mẹ́táènì, gáàsì tó máa ń gbiná. Òun wà lára ohun tó ń mú kí iná ààtàn ṣòro ó pa, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Olúsósùn l'Ékòó ní oṣù kẹta ọdún 2018.

Láti kó o, wọ́n á fi erùpẹ̀ bo ààtàn dáadáa, wọ́n á gbẹ́ kànga sí i, wọ́n á sì ri páìpù tí wọ́n dá lu sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò fa gáàsì náà jáde. Wọ́n á yọ omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ kó má baà ba ẹ̀rọ jẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lè fi dáná tàbí kí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀.

Ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ BMW ní South Carolina, l'Ámẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú gáàsì yìí láti inú páìpù tó gùn tó máìlì 9.5. Ní Durban, ní South Africa, ìjọba ìlú náà fi ti ààtàn Mariannhill àti Bisasar Road ṣe iná mànàmáná tó tó megawatt 7.5.

Ṣùgbọ́n ti Dillsboro, ní North Carolina, ló kan àwa oníṣẹ́ kéékèèké jù. Ààtàn tí wọ́n ti pa tì ni. Ní ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ṣí ọgbà iṣẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí gáàsì náà ti di iná fún àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń rọ gíláàsì àti àwọn tó ń yọ́ irin.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan mẹ́ta. Ìkíní, ooru gáàsì yìí kò ju nǹkan bí ìdajì ti gáàsì àbáláyé lọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún ojú iná ṣe. Ìkejì, páìpù gígùn ń gbówó lórí, ẹni tó bá sún mọ́ ààtàn ló ń jèrè jù. Ìkẹta, gáàsì náà ń dínkù lọ́dọọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ààtàn pa.

Ẹnikẹ́ni má ṣe dá gbẹ́ ihò sórí ààtàn o, ó lè bú gbàmù. Iṣẹ́ ìjọba àti onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tàbí tó ń ṣe gààrí lè lo ọgbọ́n kan náà: kó kó ìgbẹ́ ẹran tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ sínú táńkì tí a dé pa, tí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n bá a ṣe. Gáàsì ìdáná ni yóò fún un, ohun tó kù nínú táńkì yóò sì di ajílẹ̀ fún oko.