Sunday Bada: Wúrà Sydney dé, ẹni tó sáré gbà á ti lọ

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá, ọdún 2011 ni ikú mú Sunday Bada lọ nílùú Èkó. Ọmọ ọdún 42 péré ni. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, gbèsè ńlá kan ṣì wà nílẹ̀ tí ayé eré sísá jẹ ẹ́: wúrà Òlíńpíìkì tó ti sáré gbà láti ọdún 2000, tí wọn kò tíì gbé lé e lọ́wọ́.

Kàdúná ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 1969. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ yóò rántí pé oyè ológun ni Badà láyé àtijọ́, ti àwọn tó ń gẹṣin lọ sógun. Ti Sunday kò ní ẹṣin nínú, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi jagun tirẹ̀.

Eré 400 mítà ló yàn láàyò, eré tó le ju bí wọ́n ti ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lọ. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tó ń sá 100 mítà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wúwo bí òkúta kó tó débi tí okùn wà. Ẹni tó bá sì rọra jù, wọ́n á ti fi í sílẹ̀ lọ. Bada mọ ọ̀nà rẹ̀. 44.63 ìṣẹ́jú àáyá ni eré rẹ̀ tó yá jù lọ.

Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ló ti tayọ jù. Níbẹ̀, ojú ọ̀nà kò gùn ju 200 mítà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yí i po. Kọ́nà ibẹ̀ ká gan-an, bí wọ́n bá sì ti yí i po lẹ́ẹ̀kan, oníkálùkù yóò fi ojú ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ láti já sínú, ìgúnpá a sì bẹ̀rẹ̀. Ní ìdíje àgbáyé inú gbọ̀ngàn tó wáyé ní Toronto lọ́dún 1993, Butch Reynolds ará Amẹ́ríkà nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Ní Barcelona lọ́dún 1995, Darnell Hall, ará Amẹ́ríkà mìíràn, tún gba ipò kìn-ín-ní mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sinmi. Nígbà tó di ọdún 1997 ní Paris, òun ló ṣáájú gbogbo wọn pẹ̀lú 45.51, ó fi Jamie Baulch ará Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn.

Òlíńpíìkì mẹ́ta ló lọ: Barcelona, Atlanta àti Sydney. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà tó dé Sydney, àgbà ni lọ́dọ̀ àwọn asáré. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, òun, Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong, ọmọ ọdún 18, gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn nínú eré 400 mítà ẹlẹ́ni mẹ́rin. Udo-Obong ló sá a kẹ́yìn, tó sì lé ará Jàmáíkà kọjá nígbà tí eré ti fẹ́ parí. 2:58.68 ni Nàìjíríà, 2:58.78 ni Jàmáíkà. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Amẹ́ríkà ló gba wúrà, fàdákà ni tiwa.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2004, àjọ eré orí pápá àgbáyé ní kí wọ́n gba wúrà náà kúrò lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, torí pé Jerome Young, tó bá wọn sáré kó tó di àṣekágbá, kò yẹ kó kópa rárá nítorí ọ̀rọ̀ oògùn. Inú àwọn ọmọ Nàìjíríà dùn. Àmọ́ lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá dá wúrà padà fún Amẹ́ríkà, ó ní òfin ìgbà yẹn kò sọ pé kí gbogbo ikọ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan. Nígbà tó di ọdún 2008, Antonio Pettigrew, tó sá àṣekágbá náà gan-an, fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kọ̀. Michael Johnson, tí wọ́n jọ sáré, ní òun kò fẹ́ wúrà náà mọ́. Àjọ Òlíńpíìkì gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún náà. Wọn kò sì tíì fún Nàìjíríà.

Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí, Bada kò jókòó kó máa ka ọjọ́. Ó ti bọ́ sídìí iṣẹ́ àbójútó, títí tó fi di olùdarí ètò ìgbáradì fún àjọ eré orí pápá Nàìjíríà, AFN. Iṣẹ́ tí kò ní àtẹ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló ń wò ó bóyá asáré kan kúnjú òṣùwọ̀n àbí kò kún un, èébú kì í sì í wọ́n. Àwọn tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ló wà níwájú rẹ̀, Òlíńpíìkì London sì ń bọ̀ lọ́dún 2012. Orí iṣẹ́ yìí ló wà tó fi kú.

Oṣù keje lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí London bẹ̀rẹ̀, àjọ Òlíńpíìkì kéde pé Nàìjíríà ló ni wúrà Sydney. Nduka Awazie àti Fidelis Gadzama, tí wọ́n sáré kó tó di àṣekágbá, ní ìpín nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò rí àmì ẹ̀yẹ kankan gbà ní London fúnra rẹ̀, ti Sydney nìkan ni wọ́n gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lọ́dún yẹn.