Ilé Là Á Wò: Ibùgbé Tó Yẹ Akàn Inú Ìkarahun

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹranko, tó ti di ìyá ọlọ́mọ ní Houston báyìí, fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àgò wáyà kékeré kan ni mo rí. Òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìkarahun kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà búlúù sì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, Prof. Akàn tí a rà fún ọmọ mi ní etíkun rèé. Ó ti di ọjọ́ márùn-ún tí kò mira. Bàbá rẹ̀ ní ká jù ú nù kí ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Ṣé ó ti kú ni, sà?"

Mo dá a lóhùn kíákíá pé, "Má jù ú nù o! Gbé e súnmọ́ imú, kí o gbọ́ òórùn rẹ̀." Ó ní kò rùn. Mo ní ó dáa, kó jókòó ká sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo bá a sọ ni mo ń kọ síbí. Mo ní ìdí tèmi tí mo fi yára dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Màá sọ ọ́ kí n tó parí.

Irú akàn wo nìyí?

Kì í ṣe akàn tí à ń rà lọ́jà fún ọbẹ̀ ni mò ń wí. Ìyẹn ní èèpo líle káàkiri ara, kò yá ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí mò ń sọ, apá iwájú rẹ̀ nìkan ló le. Láti àárín dé ìdí, ara rẹ̀ rọ̀, ó sì ká kò. Bí kò bá rí nǹkan fi bo ìdí náà, ó di ẹran ìjẹ, oòrùn á sì gbẹ ẹ́. Ìdí nìyí tó fi ń wọ inú ìkarahun tí ẹranko mìíràn ti kú fi sílẹ̀.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Òótọ́ ni, torí pé ìgbín ló ni ìkarahun tirẹ̀. Wọ́n bí i mọ́ ọn, ó sì ń tóbi bí ìgbín ṣe ń tóbi. Akàn tiwa yìí kì í ṣe onílé rárá, ayálégbé ni. Bó bá ṣe ń dàgbà, ilé á máa fún un lọ́rùn, dandan ni kó kó kúrò. Nítorí náà, akàn ayálégbé ni màá máa pè é.

Oríṣi méjì ló wà tí a kò gbọ́dọ̀ pò pọ̀. Àwọn kan ń gbé inú omi. Clibanarius africanus, tí wọ́n ti rí nínú ọ̀sà Èkó wa níbí, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn kejì ń gbé orí ilẹ̀, Coenobita sì ni orúkọ wọn nínú ìwé ìmọ̀. Coenobita rubescens ni ti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Coenobita clypeatus ni ti Caribbean, òun sì ni wọ́n ń tà jù fún àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ti orí ilẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin

Akàn yìí ń gbé orí ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ẹ̀yà ara tí ẹja fi ń mí ló ṣì fi ń mí. Ẹ̀yà náà gbọ́dọ̀ tutù nígbà gbogbo. Bó bá gbẹ, ẹranko náà kò lè mí mọ́. Kì í kú lójú ẹsẹ̀ o. Ó lè tó ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí yóò máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn ènìyàn á sì máa sọ pé, "Irú wọn kì í pẹ́ láyé." Irọ́ ni. Akàn ayálégbé lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí a fi í sí ni kì í jẹ́ kó pẹ́.

Nítorí náà, ẹ gbé àgò wáyà kúrò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gba ibẹ̀ kọjá. Àpótí dígí tó ní ìdérí ló yẹ ẹ́. Kí ooru inú rẹ̀ wà láàárín 24 sí 29 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 75 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń tà tó ń ka méjèèjì. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ní Èkó níbí, Ọlọ́run ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, àfi lásìkò ọyẹ́ tàbí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ní Houston, amúlétutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹ̀rọ amúlégbóná nígbà òtútù ni ọ̀tá.

Yanrìn tó jìn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé èèpo akàn kì í tóbi. Kí ó tó lè dàgbà, ó gbọ́dọ̀ bọ́ ti àtijọ́ sílẹ̀, kí òmíràn sì le sí i lára. Akàn ayálégbé máa ń wa ilẹ̀, á wọ inú yanrìn lọ láti ṣe èyí níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀. Bó bá tóbi, ó lè lo oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá bọ́ ọ tán, á jẹ èèpo àtijọ́ náà kó lè rí kálísíọ̀mù fi le tuntun.

Kí yanrìn inú àpótí jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán, tàbí ìlọ́po mẹ́ta gíga akàn tó tóbi jù níbẹ̀. Ẹ po èèpo àgbọn tí a ti lọ̀ mọ́ ọn: yanrìn márùn-ún, èèpo àgbọn kan. Ẹ fi omi rin ín débi pé, bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, á dì pọ̀, ṣùgbọ́n omi kò ní kán. Bó bá gbẹ, ihò tó wà á wó lé e lórí. Bó bá sì pọ̀ lómi jù, á bàjẹ́, á máa rùn.

Omi méjì

Abọ́ omi méjì ló nílò, ọ̀kan fún omi tí kò níyọ̀, ọ̀kan fún omi oníyọ̀. Kí wọ́n jìn tó kó lè wọ̀ ọ́, kí òkúta sì wà nínú rẹ̀ tó lè gùn jáde. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kílórínì sí, ẹ lo oògùn tó ń pa kílórínì náà kí ẹ tó bù ú fún un. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ ni kí ẹ fi ṣe omi oníyọ̀ o. Iyọ̀ òkun tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ẹja òkun ni, gíráàmù 35 sí lítà kan. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ọ̀sà bíi tèmi lè fẹ́ lọ bu omi níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi gọ́tà ìlú ń ṣàn sínú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì máa ń dín gan-an lásìkò òjò.

Ilé tí yóò kó lọ

Ẹ kó ìkarahun mẹ́ta sí márùn-ún síbẹ̀ fún akàn kọ̀ọ̀kan, kí àwọn kan fi díẹ̀ tóbi ju èyí tó wọ̀ lọ. Kí ẹnu wọn rí roboto. Ẹ má lo èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, torí ọ̀dà á máa bó, akàn á sì máa jẹ ẹ́.

Ní 1988, Ivan Chase àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí kan jáde tí ara Èkó kò ní ṣòro fún láti lóye. Bí ìkarahun ńlá kan bá ṣófo, akàn kan á kó sí i. Òmíràn á kó sí èyí tó fi sílẹ̀, ẹlòmíràn á tún kó sí ti ìyẹn. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ti inú face-me-I-face-you kó lọ sí yàrá àti pálọ̀ ló ṣí ọ̀nà fún ẹni tó ń sùn sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìkarahun kan lè tún ayé akàn púpọ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí àwọn tó ń lọ ṣeré létíkun máa kó ìkarahun dídára gbogbo wálé.

Ní ti oúnjẹ, kò sí ìyọnu: èso, ewé gbígbẹ, àgbọn, ẹja tí a kò fi iyọ̀ sí, àti èèpo ẹyin tí a gún. Ẹ má sì jẹ́ kó dá gbé. Nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbé létíkun.

Ìdí tèmi

Nígbà tí mo ń kàwé gboyè ní Amẹ́ríkà, èmi náà ra ọ̀kan fún ọmọbìnrin mi. Ó wọ inú yanrìn lọ, kò jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èmi tí mò ń ka ìmọ̀ ẹranko mú ṣíbí, mo hú u jáde láti wò ó bóyá ó ti kú. Ara rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì ó kú. Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ṣé ó ti kú kí ẹ tó hú u?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Òun náà máa ń ka ohun tí mo bá kọ, ó ti wá gbọ́ òtítọ́ náà báyìí.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà wúwo ju bí mo ṣe rò nígbà yẹn lọ. Inú òkun ni ọmọ akàn wọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé wọn, ó sì ṣòro gidigidi láti bí wọn nínú ilé. Fún ìdí yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà, wọ́n kó wọn láti etíkun ni. Ẹni tí kò tíì ní, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ rà. Ẹni tó bá ti ní, ó ti di gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ ká wo ilé bákan náà kí a tó mú ẹranko wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ra àpótí dígí, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe wí. Ó gbé akàn náà sórí yanrìn láì fà á nínú ìkarahun rẹ̀. Ní òru kẹta, ó rá wọlé. Títí di àárọ̀ òní, kò tíì jáde. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń ti ilé ìwé bọ̀ wá bi ìyá rẹ̀ léèrè, ìyá rẹ̀ á ṣí ìdérí, á gbóòórùn, á sì kọ̀wé sí mi: "Kò rùn, sà." Èmi náà á dá a lóhùn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ o."