Àgbà Tó Ń Tukọ̀ Lórí Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ẹni ọdún 92 ni Richard Morgan nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Limerick, lórílẹ̀-èdè Ireland, ní kó wá jókòó sórí ẹ̀rọ ìtukọ̀ kan nínú yàrá àyẹ̀wò wọn. Mítà 2000 ni wọ́n ní kó tù. Ó di igi ìdìmú mú, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ti pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bó ṣe ń fà ni wọ́n ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ àti iṣan rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà wọra tán, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 153 ní ìṣẹ́jú kan.

Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń kọ́ni léré ìdárayá fi ń díwọ̀n ibi tí ọkàn lè sáré dé: wọ́n á yọ ọjọ́ orí ẹni kúrò nínú 220. Ti ẹni ọdún 92 kò yẹ kó ju 128 lọ. Bàbá yìí fi 25 lé e. Wọ́n wọn ara rẹ̀, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ iṣan, ọ̀rá kò ju bí ìdá 15 lọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Lorcan Daly, tó ń kọ́ni nípa ìmọ̀ eré ìdárayá, wà lára àwọn tó kọ ìwádìí náà, ìwé ìmọ̀ Journal of Applied Physiology ló sì gbé e jáde.

Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn lè rò pé eléré ìdárayá ni bàbá náà láti kékeré. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ búrẹ́dì ló ṣe, ó tún ṣiṣẹ́ bátìrì, orúnkún rẹ̀ sì ti ń ṣàròyé. Ó ti pé ẹni ọdún 73 kó tó dojú kọ ẹ̀rọ ìtukọ̀ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ló gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ló wá kan ará Ìkòyí-Ilé nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìlú Oníkòyí, tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, kò sí létí òkun, kò sí létí ọ̀sà. Ọkọ́ àti àdá ni àgbà ibẹ̀ mọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe àjẹ̀. Àmọ́ ìlú àwọn ẹ̀ṣọ́ ni, àwọn jagunjagun tí òkìkí wọn kàn láyé Ọ̀yọ́-Ilé, ìran tí wọn kì í fi agbára ṣeré. Ohun tó ń gba agbára yẹn lọ́wọ́ àgbà lónìí kì í ṣe ọfà. Ìfẹ́ àwọn ọmọ ni. Bàbá fẹ́ gbé korobá omi, ọmọ á sáré gbà á: "Ẹ fi sílẹ̀, bàbá, ẹ lọ jókòó." Ìyá fẹ́ rìn dé ọjà, wọ́n á pe ọ̀kadà fún un. Inú rere ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ara ti ń dín kù, bí ìdá 3 sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta. Àga tí wọ́n ní kí bàbá jókòó lé ń bá ọjọ́ orí ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ náà dáadáa. Irin gbọọrọ kan ni, ó gùn ju mítà méjì lọ, àga kékeré kan sì ń yí lórí rẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Níwájú ni kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ kan wà nínú àkámọ́, ṣéènì sì so ó mọ́ igi ìdìmú. Tí èèyàn bá fà á, abẹ̀bẹ̀ á yí, á máa mí fúù, fúù, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Atẹ́gùn ló ń bá ẹni tó ń fà á jà. Ẹni tó fà á lágbára, atẹ́gùn á le sí i. Ẹni tó fà á wẹ́rẹ́, atẹ́gùn á rọ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo fi lè gba ọmọ ogún ọdún àti ìyá àádọ́rin ọdún, kálukú á máa fi agbára ara rẹ̀ díwọ̀n. Ìjókòó ni, nítorí náà ìwúwo ara kì í já lu orúnkún bó ṣe ń já lù ú nígbà téèyàn bá ń sáré. Èyí tí wọ́n ń lò jù kò sì nílò iná mànàmáná, bátìrì ló ń gbé ojú kékeré tó ń ka mítà.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Dreissigacker, Dick àti Pete, ló ṣe irú ẹ̀rọ yìí jáde ní Vermont, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1981. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Nígbà yẹn náà ni àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà tí ìjọba wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sí Òlíńpíìkì Moscow ti 1980 dá ìdíje orí ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀ ní Boston, kí ìdánrawò ìgbà òtútù má baà sú wọn. Láti 2018 ni àjọ àgbáyé fún ìtukọ̀ ti ń ṣe ìdíje tirẹ̀ fún eré inú ilé yìí. Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn nínú ti orí omi: Chierika Ukogu ló kọ́kọ́ tukọ̀ fún wa ní Òlíńpíìkì, ní Rio lọ́dún 2016.

Ẹni tí ọkọ́ ti mọ́ lára lè fẹ́ fi ẹ̀yìn fa ẹ̀rọ yìí bó ṣe ń fi ẹ̀yìn kọ ebè. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ẹ̀yìn ríro ló ń da àwọn atukọ̀ láàmú ju ohun mìíràn lọ. Ẹsẹ̀ ló ni iṣẹ́. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ ti pátákó títí orúnkún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn á ṣí láti ìbàdí láìtẹ̀ kòlòbà, ọwọ́ á wá fa igi wá sí abẹ́ àyà. Tó bá ń padà, ọwọ́ á ṣáájú, ẹ̀yìn á tẹ̀lé e, orúnkún á ká kẹ́yìn. Ìpadà yìí gbọ́dọ̀ pẹ́ ju fífà lọ, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń sinmi, tó sì ń fa èémí sínú. Ẹni tó bá di èémí mú ń mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, kí àgbà dìde, kó na ẹ̀yìn kó tó tún jókòó.

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ Morgan kò sí nínú iye tí ọkàn rẹ̀ lù. Ó wà nínú bó ṣe ń pín iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà ìwádìí náà, nǹkan bí kìlómítà 30 ló ń tù lọ́sẹ̀, bí ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà rọrùn, ìdá 20 le, ìdá 10 péré ló ń fi gbogbo agbára ṣe. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó tún ń gbé irin kéékèèké. Ẹni tó bá ti fìgbà kan jẹ́ akọni ló máa ń ṣòro fún jù láti gba ìlànà yìí, torí ó fẹ́ kí gbogbo ọjọ́ jẹ́ ọjọ́ ogun. Iṣẹ́ tó rọrùn ni èyí téèyàn lè máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀ láìmí hẹlẹ. Ìwọ̀n yìí tún dára fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí irú kan wà nínú oògùn wọ̀nyẹn tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré. Ẹni tó bá ń ka ìlù ọkàn nìkan á rò pé òun kò tíì ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti ń pa ara rẹ̀.

Ìsinmi wá ńkọ́? Iṣẹ́ líle máa ń ya iṣan díẹ̀díẹ̀ nínú, ìgbà téèyàn bá sinmi ni ara á tún un ṣe, tí yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀. Ara àgbà kì í yára tún un ṣe bíi ti ọ̀dọ́. Bí ọ̀dọ́ bá ṣe iṣẹ́ líle lánàá tó tún ṣe é lónìí, kí àgbà fi ọjọ́ méjì sí àárín. Kó sùn dáadáa lóru. Kó tó dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, kó fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, kó ka bí ọkàn ṣe ń lù. Tó bá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa, ara ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ó lè jẹ́ àárẹ̀, ó lè jẹ́ ibà. Kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ ni mo rò pé ó yẹ kí a tẹnu mọ́ jù nílé wa. Àwọn onímọ̀ ní kí àgbà máa jẹ èròjà tó ń kọ́ iṣan tó gíráàmù 1 sí 1.2 fún kìlógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 nílò gíráàmù 70 sí 84. Ti inú ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ẹ wá wo abọ́ àgbà lálẹ́: àmàlà ńlá, ẹran méjì. Yóò jẹ àmàlà, yóò fi ẹran kan sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ tó jókòó tì í, nígbà mìíràn méjèèjì. Àṣà tó dùn ni, a kò sì ní ká pa á rẹ́. Kí wọ́n kàn bu ti ọmọ fún un lọ́tọ̀. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹyin àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ló ní èròjà náà, ó sì dára kó wà nínú oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, kì í ṣe ti alẹ́ nìkan. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò pé ní láti kọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ̀rọ yìí wọ́n, kì í ṣe ohun téèyàn ń rí rà lọ́jà Ìkòyí-Ilé. Ẹni tí kò ní in lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àga: kó jókòó, kó dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó sinmi, kó tún un ṣe. Kó mú túúbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, kó so ó mọ́ òpó tó dúró gbọn-in, kó jókòó síwájú rẹ̀, kó máa fà á wá sí abẹ́ àyà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀ ló yẹ àgbàlagbà fún ìdárayá tó mọ níwọ̀n, pẹ̀lú ọjọ́ méjì fún iṣan.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Kò jìnnà. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn Bowen, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ lọ́dún 1907, ó sì ní ti LAUTECH. Tí àyà bá ń dunni tàbí tí òòyì bá ń kọ́ni nídìí iṣẹ́, kí èèyàn dúró lójú ẹsẹ̀, kó lọ rí dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ọmọ Ìkòyí-Ilé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti l'Ékòó, tí ẹ ń dá owó jọ láti fi ta ìlú lọ́rẹ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ ìtukọ̀ méjì sí i, kí wọ́n gbé e sí gbọ̀ngàn ìlú, kí ẹ sì bá físíò kan, oníṣègùn iṣan àti oríkèé, láti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ọ́ kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti kọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa bí wọ́n ṣe ń lò ó.