Hándù Bí Ìwo Àgbò: Bíréèkì Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Kẹ̀kẹ́ ológeere la ń sọ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tẹ́ ẹ ń wò ó pé ẹ ó gùn ún dé Ifọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ti rí fídíò àwọn tó yọ hándù gbọọrọ, tí wọ́n fi èyí tó ká bí ìwo àgbò rọ́pò rẹ̀. Ó wuyì, ó sì wúlò: ọwọ́ á rí oríṣiríṣi ibi dì mú, ẹ ó sì lè tẹ̀ba nígbà tí atẹ́gùn bá dojú kọ yín.

Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo bíréèkì. Ibi tí ọwọ́ bíréèkì máa ń wà lára hándù gbọọrọ jẹ́ 22.2 mm. Ti ìwo àgbò jẹ́ 23.8 mm. Èyí tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́, ẹ ní láti ra òmíràn. Ọwọ́ gíà náà ńkọ́? Bákan náà ni.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá ló ń lo V-brake, apá gígùn méjì tó ń fún rọ́bà mọ́ ríìmù. Wáyà tó fẹ́ kẹ́ ẹ fà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ọwọ́ bíréèkì kẹ̀kẹ́ eré ìje máa ń fà. Tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí á fi kan hándù, kẹ̀kẹ́ ò sì ní dúró. Ẹ wá rò ó wò lórí ìdagẹ̀rẹ̀, kí trélà wà lẹ́yìn yín.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Tektro ṣe ọwọ́ bíréèkì RL520 fún V-brake lórí irú hándù yìí. Ẹ tún wọn ibi tí ọrùn kẹ̀kẹ́ ti di hándù mú: 25.4, 26.0 tàbí 31.8 mm ló sábà máa ń jẹ́, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ìwo àgbò máa ń gbé ọwọ́ lọ síwájú, torí náà ọrùn tó kúrú ló máa ń dáa.

Tówó ò bá tó, èmi á ní kẹ́ ẹ fi hándù gbọọrọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ de ìwo kékeré mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ á rí ibi mìíràn dì mú, bíréèkì yín ò sì ní yí padà.

Kẹ́ ẹ tó bọ́ sí títì, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Bí táyà iwájú bá ṣì ń yí, ẹ má gùn ún. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ní kẹ̀kẹ́.