Eyín Ni Wọ́n Yọ, Ìrora Ò Lọ: Ìdí Tí Dókítà Ọpọlọ Fi Ń Pe Aláìsàn Jọ

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ fi nǹkan sétí kí ẹ máa gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà, ọ̀rọ̀ náà rèé lódindi.

Ìbéèrè tòní ni pé: kí ló dé tí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ á fi yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀, táá kó àwọn aláìsàn jọ sí gbọ̀ngàn, tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Àìsàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Trigeminal neuralgia ni wọ́n ń pè é.

Ní ẹ̀gbẹ́ ojú wa kọ̀ọ̀kan, iṣan ìmọ̀lára kan wà tó pín sí mẹ́ta. Ọ̀kan lọ síwájú orí, ọ̀kan lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín òkè, ìkẹta lọ sí àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀. Lára ẹni tó ní àìsàn yìí, ìrora á ṣàdédé já wọ ojú bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé èèyàn. Ó lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ó sì lè tó ìṣẹ́jú méjì. Á lọ, á tún padà. Kéèyàn fọ eyín, kó bọ́jú, kó jẹun, tàbí kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú ti tó láti jí i.

Kí ló ń fà á? Ẹ wo okùn ṣájà yín. Tí rọ́bà ara rẹ̀ bá bó, iná inú rẹ̀ kò ní ibi tó máa dúró sí mọ́. Iṣan ìmọ̀lára náà ní ohun tó bò ó lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló fara tì í nítòsí ibi tó ti jáde lára ọpọlọ. Bí ọkàn bá ṣe ń lù, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn ń lù ú, títí ara rẹ̀ á fi bó. Nínú àwọn mìíràn, kókó tàbí àìsàn multiple sclerosis ló ń fà á.

Walter Dandy, ní ìlú Baltimore, ti ṣàkíyèsí iṣan ẹ̀jẹ̀ yìí láàárín ọdún 1930 sí 1940. Nígbà tó di àárín ọdún 1960 sí 1970, Peter Jannetta, tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ní Los Angeles, fi awò amúǹkan-tóbi rí i kedere. Ọ̀nà tó gbé kalẹ̀, tó sì fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Pittsburgh, ni pé kí wọ́n lu ihò kékeré lẹ́yìn etí, kí wọ́n ya iṣan méjèèjì, kí wọ́n sì ki Teflon díẹ̀ sáàárín wọn. Kò sídìí láti gé iṣan ìmọ̀lára náà.

Tí ìwòsàn bá wà, kí wá ni ìpàdé fún? Lákọ̀ọ́kọ́, àìsàn náà ṣọ̀wọ́n. Nínú 100,000 èèyàn, bí 4 sí 13 ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún. Èèyàn lè ní in fún ọdún mẹ́wàá láì pàdé ẹlòmíràn tó ní in. Torí pé ìrora náà jọ ti eyín, ọ̀pọ̀ ló ti yọ eyín tó dára, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, tí ìrora ò sì yẹ̀.

Ìkejì, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi í hàn. MRI lè fi iṣan ẹ̀jẹ̀ náà hàn, ṣùgbọ́n ìtàn tó jáde lẹ́nu aláìsàn ni dókítà fi ń dá a mọ̀. Ẹnu aláìsàn gan-an ni àyẹ̀wò.

Ìkẹta, ìwòsàn pọ̀, kò sì sí èyí tí kò ní tiẹ̀. Oògùn carbamazepine ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó lè fa òòyì àti oorun. Iṣẹ́ abẹ lè dá ìrora dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè ṣàkóbá fún etí. Ìtànṣán Gamma Knife ò nílò ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ojú lè kú tipiri. Àkókò tí dókítà ní fún ẹnì kan nílé ìwòsàn ò tó fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbọ̀ngàn, ẹ máa jókòó ti ẹni tó ti ṣe é, ẹ ó bi í bó ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990. Facial Pain Association ni wọ́n ń pè é báyìí, àwọn dókítà ọpọlọ sì ń sọ̀rọ̀ níbi àpérò rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Láti ọdún 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn la ti ní àwọn onímọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ojú ń ta bí iná, àfọwọ́fà ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ pé ó jẹ́.

Nítorí náà, tí màmá yín bá ní eyín ń ta òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí iná mànàmáná, tí dókítà eléyín ò sì rí nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tíì yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè dókítà iṣan àti ọpọlọ. Tí wọ́n bá ti wà lórí carbamazepine, kí wọ́n má ṣe dá a dúró lójijì láì sọ fún dókítà.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn sọ tiẹ̀ tán. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí yín, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.